Abọ́ Rúùtù Ló Kún Jù

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tí ì kọ orin ọpẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ fún mi yẹn. Mo mọ ìdí tí ẹ fi pè mí síwájú. Wòlíì Akínpẹ̀lú fẹ́ gbàdúrà lé mi lórí, kí Àṣàkẹ́ lè sọ ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn, Akínwálé, kalẹ̀ fún mi, kí n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, kí n já a lẹ́nu ọmú, kí n sì tọ́ ọ. Bàbá ọmọ náà ló jókòó sí apá ọkùnrin yẹn. Ìyàwó ilé kì í pe ọkọ lórúkọ, Bàbá Rúùtù ni mo máa ń pè é, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lè mọ̀ ọ́n, Jayéọlá ni, àbúrò ọkọ mi. Láti Jọ́ọ̀sì ni òun àti Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti gbé ọmọ náà wá, nítorí ọjà kò jẹ́ kí ọwọ́ wọn dilẹ̀. Ó ní ní gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ẹni tó mọ ọmọ ọlọ́mọ tọ́ bíi tèmi. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa irọ́ náà, níbi tí mo dúró sí yìí gan-an, ẹ̀yin sì ké halelúyà sí i. Bí mo bá dákẹ́ lónìí, wọ́n á gbé ọmọ mìíràn lé mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ìdúró, torí bí mo bá jókòó, n kò ní lè sọ ọ́ tán.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ yóò rántí ìyàwó tí Bàbá Rúùtù kọ́kọ́ fẹ́. Lọ́dún 1952 ló bí Rúùtù, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá lára ìyá náà títí tó fi kú. Èmi náà ní ọmọ lọ́wọ́ nígbà náà, Ọlọ́runtóbi tèmi yìí, tí mo bí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń fi ojú àgàn wò mí. Wọ́n gbé Rúùtù fún mi, mo sì fún àwọn méjèèjì lọ́mú, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Títí dé ibẹ̀ yẹn, n kò ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gba ìyẹn fún ara mi, nítorí kò sí òmíràn tí mo lè gbà. Bàbá Rúùtù padà sídìí ọjà rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì. Nígbà tó tó àkókò láti já àwọn ọmọ lẹ́nu ọmú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ́ọ̀tì ránṣẹ́. Ọkà òyìnbó ni, inú agolo ló ń wà. Ìyàwó òyìnbó kan tó máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sọ fún un pé òun ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ lọ́dọ̀ wọn. Ó tún ń fi mílíìkì tẹ̀lé e. Mashood tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ni yóò já a fún wa ní oríta Takie, á sì pariwo pé, "Ìyá Tóbi, oúnjẹ ọmọ òyìnbó yín ti dé o!" Àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín, inú mi á sì máa dùn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti se ọ́ọ̀tì rí mọ̀ pé kì í pọ̀. Ẹ ó dà á sínú omi híhó, ẹ ó máa rò ó, á wú díẹ̀, ó parí nìyẹn. Ọmọ méjì ló sì ń jẹ ẹ́. Bàbá Rúùtù kò ní kí n má fún Tóbi, òun fúnra rẹ̀ ló ní, "Kí àwọn méjèèjì jọ máa jẹ ẹ́." Nígbà tí òjò ọdún 1954 ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ Mashood pẹ́, agolo ọ́ọ̀tì sì ń lọ sísàlẹ̀. Mo lọ bá Ràmọ́tà, aládùúgbò wa tó ń ta láfún, mo ní, "Ràmọ́tà, báwo lèèyàn ṣe ń ṣe oúnjẹ díẹ̀ tí á fi kún abọ́?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyẹn náà le? Po láfún sínú omi tútù, kó o dà á sí i bó bá ti ń hó. Á ki, á wú, á sì pẹ́ níkùn. Òun ni mo fi ń tan àwọn alágbàṣe ọkọ mi jẹ nígbà tí ògì ò bá tó. Ẹni tó bá mu ún láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó tún béèrè oúnjẹ." N kò sọ fún un pé ọmọ ni mo fẹ́ sè é fún. Mo dán an wò lọ́jọ́ kejì, abọ́ sì kún dẹ́nu lóòótọ́. Mo bu ṣúgà sí i. Àwọn ọmọ méjèèjì jẹ ẹ́, wọ́n yó, wọ́n sùn. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, a kì bá tí máa sọ èyí lónìí.

Ọ̀nà dára, ọkọ̀ dé, agolo tuntun dé. Kí ló wá dé tí n kò fi padà sí bí mo ṣe ń sè é tẹ́lẹ̀? Nítorí Tóbi ni. Rúùtù máa ń jẹ ohunkóhun tí a bá gbé síwájú rẹ̀, ara rẹ̀ sì le. Tóbi ní tirẹ̀ ń ṣàìsàn lónìí, ó ń ṣàìsàn lọ́la, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Àwọn obìnrin agboolé á ní, "Ọmọ aláìníyàá yìí mà dára ju ọmọ ẹni tó ń tọ́ ọ lọ o." Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo wí nínú ara mi pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe àwọn baba wa ni mo fi bo olè mọ́lẹ̀! Láti ìgbà náà lọ, ọ́ọ̀tì gidi àti mílíìkì di ti Tóbi. Màá kọ́kọ́ se tirẹ̀, díẹ̀, sínú abọ́ kékeré. Lẹ́yìn náà màá da omi sínú ìkòkò kan náà, màá fi ṣíbí họ èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, màá wá da láfún lé e fún Rúùtù. Òórùn ọ́ọ̀tì á wà níbẹ̀, á sì funfun bíi pé mílíìkì wà nínú rẹ̀. Abọ́ Rúùtù á kún ju ti Tóbi lọ ní ìlọ́po méjì. N kì í fún wọn ní kọ̀rọ̀ o. Ojúde gbangba ni mo ti ń bọ́ àwọn méjèèjì, kí gbogbo agboolé lè rí i. Wọ́n sì rí i. Wọ́n á ní, "Comfort káre! Abọ́ ọmọ ọlọ́mọ kún ju ti ọmọ rẹ̀ lọ." Èmi á ní, "Ọlọ́run ló ń wo gbogbo wa." Ẹnu tí mo fi ń sọ ọ́ ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tó ṣe, ara Rúùtù bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi, ikùn rẹ̀ yọ síwájú. Bàbá rẹ̀ wá sílé ní Kérésìmesì, ó gbé e sókè, ó ní, "Háà, ó ti wúwo! Ìyá Tóbi, ẹ kú ìtọ́jú, Olúwa á bá yín tọ́ tiyín." Lẹ́yìn náà ló ní, "Kí ló dé tí kì í rẹ́rìn-ín?" Mo ní ojú ló ń tì í, pé kò dá a mọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo wọ aṣọ funfun mi, mo jáde síwájú yín, mo jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti sọ ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú di ọmọ tó sanra. Bàbá rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú ìjọ, èmi ìyàwó ilé lásánlàsàn, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ìyá ni òun yóò máa pè mí. Mo jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀, mo sì gbà á.

Ràmọ́tà, tí kì í ṣe ará ìjọ wa, tó ń kí ìrun rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ fura. Ó wá fọn iná lọ́dọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì rí Rúùtù tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní, "Ìyá Tóbi, irun ọmọ yìí ti ń pupa. Èyí kì í ṣe ìsanra. Ṣé kì í ṣe láfún tí mo júwe fún ọ lo ń fún un?" Mo ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣé o ò rí agolo ọ́ọ̀tì lórí tábìlì ni?" Ó wo agolo, ó wo ọmọ, ó ní, "Àgbàlagbà ni láfún yẹn wà fún o. Gbé ọmọ yìí lọ sí ọsibítù." Mo ní ìjọ wa kì í lo oògùn. Òótọ́ ni pé a kì í lò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbàgbọ́ ló dá mi dúró. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi mí ni ohun tí ọmọ ń jẹ. Bàbá Tóbi, ọkọ mi káfíńtà tí gbogbo yín mọ̀, ní ká gbé e lọ. Mo sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ojú tì í, kò sì gbé e lọ mọ́. Bàbá Wòlíì, ẹ̀yin náà wá sílé wa, ẹ bi mí pé, "Comfort, kí ni ọmọ yìí ń jẹ?" Mo ní, "Ọ́ọ̀tì àti mílíìkì ni, Bàbá, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń fi í ránṣẹ́." Ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ kó àwọn àgbà ìjọ jọ, ẹ gba ààwẹ̀ nítorí ọmọ tí ebi ń pa. Ẹ fún mi ní omi àdúrà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ ní sùúrù, n kò tí ì dé ibi tó burú jù. Nínú ọ̀sẹ̀ tí Rúùtù máa kú, mo gbé abọ́ méjèèjì sílẹ̀ lójúde bí ìṣe mi. Rúùtù kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Abọ́ Tóbi ló ń wò. Kò sunkún, kò ní agbára ẹkún mọ́. Ó na ọwọ́ sí i, mo sì sún abọ́ náà sẹ́yìn. Mo wọlé lọ bu omi. Nígbà tí mo máa fi jáde, Tóbi ti gbé abọ́ tirẹ̀ lọ bá a, ó ń fi ìka bu ọ́ọ̀tì sí i lẹ́nu, ó ń ní, "Jẹ, jẹ." Rúùtù sì ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ará, ó ń jẹ ẹ́! Ọmọ tí mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé kò lè jẹun mọ́, ó lanu sílẹ̀, ó ń dúró de ìka Tóbi. Mo já abọ́ gbà. Mo na Tóbi títí ó fi ń ké pe bàbá rẹ̀. Mo ní, "O ò gbọdọ̀ fún un mọ́ láé, ṣó o gbọ́?" Mo wá ti abọ́ láfún síwájú Rúùtù, mo ní èyí ni tirẹ̀, òun ló sì pọ̀ jù. Kò jẹ ẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà, lọ́sàn-án gangan, ó kú sórí ẹní. Ẹ wá bá wa sin ín. Ẹ ní Olúwa ló fi fún ni, Olúwa náà ló sì gbà á. Ẹ̀yin ará, èmi ni mo gbà á.

Bàbá Rúùtù kò bi mí ní ohunkóhun. Òun tó ń ṣọ̀fọ̀ ló tún ń tù mí nínú. Ọdún náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, tí wọ́n ń wá káfíńtà tí yóò kan bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́ káàkiri. Bàbá Tóbi rí iṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, a sì kó lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Inú mi dùn pé n kò ní máa rí ojú Ràmọ́tà mọ́. Lọ́dún 1958 yìí, mo sin aládùúgbò kan lọ sí ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Olúfúnkẹ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọmọ kan tó rí bíi Rúùtù gẹ́lẹ́. Nígbà tó mú ọwọ́ kúrò, ojú ibẹ̀ jin, kò sì kún padà. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ wò ó. Omi ló wà lára ọmọ yìí, kì í ṣe ẹran ara. Láfún ẹ̀gẹ́ nìkan ni wọ́n ń fún un. Ikùn rẹ̀ ń kún, ara rẹ̀ ò rí nǹkan kan mú." Gbogbo wọn ní háà. Òótọ́ ni pé n kò mọ̀ pé láfún lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé oúnjẹ Rúùtù ni mò ń fún ọmọ mi, mo sì ń mọ̀ ọ́n láràárọ̀. Síbẹ̀, mo ti pinnu pé màá gbé àṣírí náà lọ sí sàréè. Ìgbà tí Bàbá Rúùtù ránṣẹ́ pé èmi ni wọ́n ń gbé Akínwálé bọ̀ wá bá ni oorun kúrò lójú mi.

Mo ti lọ bá Ràmọ́tà nílé rẹ̀ lánàá, mo ti jẹ́wọ́ fún un. Ó sunkún, ó ní òun ni òun kọ́ mi. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó kìlọ̀ fún mi, mo purọ́ fún un. Tóbi, dìde kí n rí ọ. Bóyá o ti gbàgbé ẹgba ọjọ́ yẹn, èmi kò gbàgbé rẹ̀. Ohun tó dára lo ṣe, mo sì nà ọ́ sí i. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ fún, bí ẹ bá rí i pé ọkàn yín ń fà sí tiyín jù, ẹ tètè sọ ọ́, kí wọ́n wá gbé ọmọ wọn. Ìtìjú rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mò ń jẹ yìí. Bàbá Rúùtù, mo kúnlẹ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn fún irú èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè mí ní ìyá mọ́. Àṣàkẹ́, má tú ọ̀já yẹn. Ìwọ ni kó o já ọmọ rẹ lẹ́nu ọmú fúnra rẹ, kó o sì máa bá ọjà rẹ lọ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn. Mo mọ ìjọ yìí, àánú yín pọ̀, bóyá kí ìsìn tó parí ẹ ó ti ní kí a gbàgbé rẹ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ dárí jì mí, ẹ má gbé ọmọ náà fún mi.