Ọ̀rọ̀ Bàbá Hùnsù Tí Mo Gbé Mì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà mí tán kí ẹ tó ṣépè fún mi. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń gbé irọ́ kan kiri nínú mi. Ọkọ mi ò mọ̀. Wòlíì ìjọ wa tó máa ń ríran sí gbogbo ènìyàn ò rí tèmi rí. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni pé lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n tún wá bá mi pé kí n wá ṣe iṣẹ́ tí mo fi purọ́ nígbà yẹn.

Aránṣọ ni mí ní Òkókómáíkò. Ìpókíá ni wọ́n bí mi sí, àárín àwọn Ègùn ni mo gbé dàgbà, mo sì gbọ́ èdè wọn dáadáa. Nínú ìjọ aláṣọ funfun tí à ń lọ, èmi ni mo máa ń tú ìwàásù sí Ègùn fún àwọn ìyá àgbà. Bí gbogbo àdúgbò ṣe mọ̀ mí sí ògbufọ̀ nìyẹn. Kí n kúkú sọ òótọ́ nípa ara mi, onífura ènìyàn ni mí. Tí ènìyàn bá kí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, mo ti ń wò ó pé kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Òpópónà tí ṣọ́ọ̀bù mi wà parí sí àbàtà. Létí àbàtà yẹn ni àwọn ìdílé Ègùn kan ń gbé nínú ilé pákó. Àwọn ọkùnrin wọn ń ṣe káfíńtà, àwọn obìnrin wọn ń yan ẹja lọ tà ní Ìyànà-Ìbá. Òpópónà wa nìkan ni wọ́n ń gbà jáde. Nígbà tí olè pọ̀, ẹgbẹ́ onílé ṣe géètì pákó ńlá kan sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì gba máìgádì tó ń tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àsìkò yẹn ni wọ́n jí jẹnẹrétọ̀ mi gbé. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo ti rí ọmọ Bàbá Hùnsù, olórí àwọn Ègùn yẹn, tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi tó ń wo jẹnẹrétọ̀ náà. Wíwò lásán ni o. Ṣùgbọ́n lọ́kàn tèmi, ẹjọ́ ti parí.

Kò pẹ́ sígbà náà, a jí lọ́jọ́ kan, a bá géètì nílẹ̀. Wọ́n ti fọ́ ọ. Ẹnìkan kọ ọ́ sí gúrúpù àdúgbò lórí fóònù pé àwọn Ègùn fẹ́ máa kó olè wọlé. Ẹlòmíràn ní ogun ni wọ́n gbé dìde sí wa. Èmi náà kọ tèmi, mo ní kí wọ́n béèrè jẹnẹrétọ̀ mi lọ́wọ́ wọn. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti mú igi lọ́wọ́.

Ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ti ń sún mọ́lé, káńsẹ́lọ̀ ò sì fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù òun. Ó pe ìpàdé: àgbà mẹ́ta láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀dọ́ kankan má wọlé. Wọ́n ní kí n wá túmọ̀, torí kò sí ẹnìkan lára wa tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu Bàbá Hùnsù rí. Tí a bá kí wọn, ọwọ́ ni wọ́n máa ń gbé sókè.

Bàbá dìde, wọ́n sọ̀rọ̀ ní Ègùn. Mi ò gbàgbé ìkankan nínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ni àwọn fọ́ géètì. Wọ́n ní ìyàwó ọmọ àwọn ló ń rọbí ní ìdájí, àwọn kan géètì títí, àwọn pe máìgádì, kò dáhùn. Wọ́n ní ìyá yè, ọmọ yè. Wọ́n wá tẹrí ba, wọ́n ní kí àwọn onílé jọ̀ọ́, kí wọ́n dárí ji àwọn, pé ọ̀la gan-an ni àwọn káfíńtà àwọn máa wá ṣe géètì mìíràn.

Mo yíjú sí àwọn onílé. Mo ní, "Bàbá ní àwọn ni àwọn fọ́ géètì." Mo sì dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo máa dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ mi ló wá sí mi lọ́kàn. Mo tún rò ó pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ ìrọbí yẹn, pé ńṣe ni wọ́n jókòó hùmọ̀ rẹ̀ sílé.

Alága ẹgbẹ́ onílé na ọrùn. Wọ́n ní, "Ìyá Àánú, ṣé ó ti finish nìyẹn? Ọ̀rọ̀ bàbá gùn ju báyìí lọ now. Ṣé ó tiẹ̀ bẹ̀ wá?"

Mo ní, "Wọn ò bẹ̀ o, sà."

Ìpàdé dàrú. Káńsẹ́lọ̀ ń pariwo pé, "Ẹ calm down, ẹ jọ̀ọ́, ẹ calm down," kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bàbá Hùnsù kò pariwo. Wọ́n wò mí, wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n jáde. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn onílé ti kó búlọ́ọ̀kù wá, wọ́n mọ ògiri dí ọ̀nà àbàtà pátápátá. Pákó ni àwọn Ègùn tẹ́ sórí omi kí wọ́n tó lè rí ọ̀nà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kó lọ sí ọ̀nà Àgbádárìgì. Mo jókòó sídìí iṣẹ́ mi, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ilé wọn lẹ́yìn ògiri. Mi ò ní tún purọ́ fún yín, inú mi dùn díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ mi. Máìgádì tí kò dáhùn ní ìdájí yẹn sá lọ lóṣù kejì, ó sì gbé fáànù alága dání. Ó lè jẹ́ òun. Ó lè jẹ́ ọmọ bàbá lóòótọ́. Mo ti fura sí gbogbo ènìyàn títí ó fi sú mi.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ tẹ fọ́tò sítáìlì aṣọ kan ní Ìyànà-Ìbá. Mo gbọ́ tí ẹnìkan pè mí láti orí bẹ́ǹṣì. "Ìyá Àánú, ìwọ rèé? Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Yorùbá tó já gaara ni. Mo wẹ̀yìn, Bàbá Hùnsù ni.

Orúnkún mi kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ Yorùbá?"

Wọ́n ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe káfíńtà láàárín ẹ̀yin Yorùbá kí n tó dé àdúgbò yín. Nílé tiwa, tí àgbà bá dìde láti parí ìjà, èdè bàbá rẹ̀ ló máa fi sọ ọ́, ẹlòmíràn á bá a gbé e dé etí àwọn tó kù. Ìwọ ni wọ́n fún mi."

Mo ní kí ló dé tí wọn ò já mi nírọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Mò ń dúró kí o parí ẹ̀."

Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn sọ fún mi pé ìyàwó àwọn, Ìyá Hùnsù, yọ̀ ṣubú lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí omi, itan wọn kán, wọn ò rìn mọ́. Mo gbàgbé fọ́tò tí mo wá tẹ̀, mo sá wálé.

Káńsẹ́lọ̀ tuntun ló wá fẹ́ kí wọ́n ṣí ògiri yẹn nítorí àwọn ìdílé díẹ̀ tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n pe ìpàdé sí Sátidé. Bàbá Hùnsù ló máa gbẹnu sọ fún àwọn ìdílé náà, bàbá sì ní àwọn ò fẹ́ ògbufọ̀ mìíràn àfi èmi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń fẹ́? Ṣé wọ́n fẹ́ dójú tì mí ní gbangba ni? Ṣé wọ́n ti sọ fún alága, tí wọ́n jọ ń dẹ mí? Àbí wọ́n ṣì ń dúró kí n parí ẹ̀? Alága yìí kan náà ló ni ṣọ́ọ̀bù tí mo háyà. Tí wọ́n bá mọ̀ pé torí irọ́ mi ni wọ́n ṣe mọ ògiri, mi ò rò pé mo máa lo ọ̀sẹ̀ kan sí i níbẹ̀. Tí mo bá sì sọ pé ara mi ò yá, ẹlòmíràn á túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n ta ló máa túmọ̀ èyí tí mo gbé mì?

Ìyá Hùnsù, tí ẹnikẹ́ni bá ka èyí sí yín létí, mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀. Bàbá bẹ̀ wá lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n bẹ̀ wá dáadáa, èmi ni mo sọ pé wọn ò bẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, Ọjọ́bọ la wà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, ṣé kí n lọ?