Etí Irin Tí Kò Sùn

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ jókòó, ẹ sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Ọlọ́run tó fi ahọ́n sáàárín eyín ló mọ ìdí tó fi ṣe ilẹ̀kùn fún un, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí mo tì láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ti fẹ́ wó lù mí. Dókítà ti sọ tirẹ̀: kíndìnrín mi méjèèjì ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Kì í ṣe ikú ni mo ń bẹ̀rù, ẹni tí mo máa bá níbẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Mo ṣe é, mo pa á mọ́, ó sì ń jẹ mí láti inú bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin lábẹ́ ọ̀dà. Màámi, ẹ gbọ́ mi. Ìyàwó àbúrò mi, gbọ́ mi. Bàbá Onítáyà, ẹ̀yin gan-an ni mo ránṣẹ́ pè, torí ọ̀rọ̀ yín ni. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa àbúrò mi. Èmi ni.

Gbogbo yín mọ̀ bí ọmọ yẹn ṣe fẹ́ràn ọkọ̀ tó bá sún mọ́lẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tó bá dúró lókèlókè dà bí adìyẹ tí òjò pa. Arìnmọ́lẹ̀ làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, Màámi sì sọ ọ́ di oríkì. Bó bá ti ń wọlé bọ̀, ẹ ó ní: Arìnmọ́lẹ̀ bí òjìji, ọmọ tí í kí ilẹ̀ kó tó kí ènìyàn, a-bẹ̀rẹ̀-wọlé bí ẹni tí kò ga, kó tó nàró kó kan àjà. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tó rí sípíríìnì kúkúrú rà, ó yọ ti ara ọkọ̀ rẹ̀, ó fi ìyẹn rọ́pò, ọkọ̀ náà sì rẹlẹ̀ lóòótọ́. Ó lẹ́wà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ bó bá ti bọ́ sí kòtò, táyà á máa ha mọ́gáàdì, ìyẹn irin tó ṣíji bo táyà, nítorí pé etí irin náà yí wọnú. Iṣẹ́ tó kù ni ká ká etí yẹn sókè, ká tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ara irin, bí télọ̀ ṣe ń ká etí aṣọ. Láàárín èmi àti ẹ̀, a kì í sọ pé ó ti lẹ̀. A máa ń ní etí ti sùn.

Ọ̀dọ̀ yín la ti ra táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Bàbá. Tuntun ni wọ́n, irun rọ́bà tó wà lára wọn kò tíì já. Ẹ béèrè ohun tí a fẹ́ ṣe, a sì sọ fún yín. Ẹ wá na ìka sí wa, ẹ ní, “Bí ẹ bá parí, kí èèyàn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn kí ọkọ̀ náà rẹlẹ̀ dáadáa, kí ẹnì kan sì tẹ́tí sí táyà. Etí kan ni kó sùn, kí ìkejì wà lójúfò.” Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Èmi ní ẹ̀yin bàbá wọ̀nyí, òwe lẹ ń tà, ẹ kò ta táyà.

Àárọ̀ Sátidé ni, ní ẹ̀yìnkùlé wa, níbi okùn aṣọ. Nítorí pé ọ̀dà ọkọ̀ niṣẹ́ mi, àbúrò mi sọ mí di ọ̀gá lọ́jọ́ náà, ipò yẹn sì ń pa mí bí ọtí. A fi jáàkì gbé ọkọ̀, a tú táyà, a wá de irinṣẹ́ náà mọ́ ojú ibi tí táyà ti kúrò. Apá irin kan ni, ó ní kẹ̀kẹ́ kékeré lórí. Bí a bá ń fà á síwá-sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ yẹn á máa tẹ etí irin sókè díẹ̀díẹ̀. Àbúrò mi di ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru mú, ó ń fi yan ọ̀dà kó má baà sán. Mẹ́ta lọ wẹ́rẹ́. Ìkẹrin, tẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ló ya olóríkunkun. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ti fi ibẹ̀ gbá nǹkan rí, pọ́tì, ìyẹn èròjà tí wọ́n fi dí ojú ibi tó wọnú, sì nípọn. Àbúrò mi ní ká tún yan án sí i, ká má kánjú. Mo bi í bóyá irin la fẹ́ ká ni tàbí iṣu la fẹ́ sun. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó ní òun ń lọ wẹ̀, kí ọ̀gá máa ṣe é lọ.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo mọ òwe yẹn kí n tó mọ ìwé. Síbẹ̀ mo fi sípánà mú kẹ̀kẹ́ irinṣẹ́ náà le mọ́ etí irin láìyan án, mo sì fà á lójijì. Mo gbọ́ “kẹ́”. Irin ti ya. Ibi tó ti ya yọ eyín kan sínú, kò ju èékánná lọ, ó mú bí abẹ. Mo fi ìka kàn án, ẹ̀jẹ̀ jáde. Mo ṣì ń fa ìka náà mu nígbà tí ohùn rẹ̀ dé láti balùwẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, etí ti sùn?” Bí mo bá ní rárá, yẹ̀yẹ́ tí mo fi í ṣe yóò padà sórí mi. Ìyẹn nìkan ni. Ẹ bá mi wò ó, ìtìjú tí kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo dáhùn pé, “Ó ti sùn fọnfọn. Ó tiẹ̀ ń hanrun.” Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láàárín omi. Mo fi pọ́tì bo eyín náà, mo fín ọ̀dà sí i, mo de táyà padà. Mo sọ fún ara mi pé bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gé e kúrò. Ẹnikẹ́ni kò jókòó sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò tẹ́tí.

Ní ọjọ́ Ajé, bó ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó gbé àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sẹ́yìn. Ọkọ̀ rẹlẹ̀, eyín náà sì kan táyà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí Ọlọ́run yọ, sọ fún wa pé àwọn gbọ́ nǹkan tó ń ha, fín-ín, fín-ín, àwọn sì ní kó dúró wò ó. Ó dá wọn lóhùn pé, “Ẹ má dá a lóhùn jàre. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é.” Lẹ́yìn náà ni táyà bẹ́, tí ọkọ̀ lọ kọlu ògiri afárá. Èmi lẹ rán lọ wo ọkọ̀ náà, torí pé èmi ni mo mọ̀ nípa ọkọ̀. Mo bá eyín yẹn níbẹ̀, ọ̀já rọ́bà kan há sí i lẹ́nu bí ẹran há séyín. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo yọ rọ́bà náà sápò, mo sì fi òkúta lu eyín náà pẹrẹsẹ. Ọjọ́ yẹn letí tó sùn. Mo padà wá sí pálọ̀ yìí, lórí àga yìí, Màámi di ọwọ́ mi mú, ẹ ní kí ni mo rí. Mo ní, “Táyà ni. Táyà tí wọ́n tà fún un ti gbó.”

Bàbá, ẹ mọ ohun tó tẹ̀lé e. Àwọn oníbàárà yín ń gba ọ̀dọ̀ yín kọjá bí ẹni tí kò rí yín. Màámi, ẹ̀yin àti ìyàwó wọn tí ẹ jọ ń kọrin nínú ìjọ, ẹ kò kí ẹnì kankan nínú ilé wọn mọ́. Bàbá, ẹ ti ìsọ̀ pa. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló burú jù. Èyí tó burú jù, èmi àti ẹ̀yin nìkan la wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ wá bá mi níbi iṣẹ́. Ẹ ṣí fìlà, ẹ sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ọ̀dà dà sí, ẹ̀yin tí ẹ bá bàbá mi ṣọ̀rẹ́. Ẹ ní, “Ọmọ mi, bóyá n kò yẹ táyà yẹn wò dáadáa. Ojú ti ń di ti àgbà. Forí jì mí.” Òtítọ́ ti dé ètè mi, mo búra. Mo gbé e mì. Mo gbé yín dìde, mo ní, “Bàbá, mo ti dárí jì yín.” Ẹ sunkún, ẹ gbọn eruku orúnkún yín, ẹ sì gbàdúrà fún mi pé Ọlọ́run yóò dárí tèmi náà jì mí. N kò tíì gbọ́ èpè tó wúwo tó àdúrà yẹn.

Láti ìgbà yẹn, ibikíbi tí mo bá gbé orí lé, ìbáà ṣe ọ̀sán gangan, kódà lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi, mo ń gbọ́ omi tó ń dà, ohùn náà á sì wá, láìsí ìbínú, pẹ̀lú ẹ̀rín: “Ẹ̀gbọ́n, etí ti sùn?” Ẹ̀yin èwe tí ẹ fẹ́ràn kí ọkọ̀ yín jókòó sílẹ̀, n kò bá yín wí. Bí wọ́n bá ṣáà ti bi yín pé ṣé ó ti parí, ẹ fi ìka wò ó kí ẹ tó fi ẹnu dáhùn.

Rọ́bà náà nìyí lórí tábìlì. Ọwọ́ Bàbá ni kí ẹ fi sí. Màámi, ẹ bá mi kí wọn lónìí, kí n fojú rí i. Bàbá, n kò lẹ́nu láti tọrọ. Ìdáríjì tí mo fún yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ dá a padà fún mi. Ńṣe ni mo jí i, tiyín ni tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbà á tán, tí ẹ sì rí i pé díẹ̀ lè kàn mí níbẹ̀, màá gbà á lórí ìkúnlẹ̀. Bí kò bá sì kàn mí, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, bí ohùn yẹn bá tún bi mí lọ́la, mo ti ní èsì tí màá fún un. Rárá o, Arìnmọ́lẹ̀. Kò tíì sùn. Dúró ná, àbúrò mi, má tíì gbé e jáde.