Oko Tí Ìgbìmọ̀ Ìjọ Ro

Òkun o, Fada, ẹ kú oúnjẹ, ẹ má dìde, ẹ máa jẹun yín lọ, iyán kì í dúró de àlàyé, ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó o! Ẹ má fi àga lọ̀ mí! Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé bíi tolè, orí ìdúró ló ti ń rojọ́, kí wọ́n lè rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ̀n! Màríà Mímọ́, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tójú ọmọ yín rí lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìjọ yìí!

Ẹ ní kí ló dé? Ẹ̀yin náà ń bi mí? Ṣé Destiny akọ̀wé ò tíì mú ìwé ìpàdé wá fún yín kí ẹ fọwọ́ sí i ni? Èwo? Èyí tó wà lábẹ́ àwo ọbẹ̀ yẹn? Ẹ yọ ọ́ kí epo tó bà á jẹ́! Àbí kẹ́ ẹ tiẹ̀ fi í sílẹ̀, kí epo bà á jẹ́, ó tọ́ sí i! Ẹ wo ojú ewé kejì, ìlà kẹrin. Ẹ kà á sókè, Fada. Ẹ ò lè kà á? Iyán wà lẹ́nu yín? Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín, mo ti há a sórí bíi kátíkísìmù: “Aṣojú àwọn ìyá ìjọ, Ìyáàfin Martha Ọmọ́yẹlé, mọ ààlà oko ìjọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ nípàdé. Òun ló fa àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀.” Òun! Èmi Ìyá Jọmílójú! Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n sì máa kà á lẹ́yìn Mísà, ní ìjọ tiwa àti ní ìjọ kéékèèké mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lábẹ́ wa, títí dé ojú ọ̀nà Kiri! Ọmọọmọ mi Emmanuella á wà láàárín àwọn akọrin, á máa gbọ́ ọ pé ìyá àgbà òun ló kó odindi ìjọ lọ roko olóko. Kàì!

Ta ló kó wọn lọ, Fada? Ẹ dákẹ́, mi ò ní kẹ́ ẹ dáhùn.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tá a ṣe ìpàdé yẹn? Ẹ ò rántí, torí pé ẹ ò tíì gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán tí wọ́n fi wá pè yín pé ẹ wá fi òróró yan bàbá aláìsàn kan ní Iffe. Ọ̀kadà yín ò tíì dé títì tí Alága Ọlábímtán fi bọ́ sórí àga yín. Àní orí àga yín gan-an, èyí tó ní tìmùtìmù! Ó tú páálí kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ó ní òun ti ya oko ìjọ sí i. Gègé aláwọ̀ mẹ́ta! Odò jẹ́ búlúù, ọ̀nà jẹ́ pupa, igi jẹ́ àwọ̀ ewé. Ọdún márùndínlógójì lọkùnrin yẹn fi ṣiṣẹ́ ìjọba, kò sì sí ibi tó ti roko rí àyàfi nínú fáìlì. Ó ní, “Ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run, ìjọ tí kò bá ní ètò, ìjọ tó ń sùn ni.” Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, Fada, mi ò ní purọ́, páálí yẹn wuyì.

Lẹ́yìn náà ló wá ka ètò ọ̀hún. Aago méje àárọ̀ Sátidé, ká pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré etí odò. Ká gbàdúrà. Ká gba ọ̀nà oko lọ, tá a bá dé ìdí igi igbá, ká yà sí ọ̀tún. Ká ro ẹgbẹ̀rin ebè. Kí àwọn ìyá gbóúnjẹ wá.

Mo nawọ́. Mo ní, “Alága, ọ̀tún ta ni?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín! Destiny, ọmọ tí mo bá ìyá ẹ̀ gbẹ̀bí ẹ̀, òun náà ń rẹ́rìn-ín! Mo ní ẹ jẹ́ kí n bi yín, ṣé ọ̀tún ẹni tó ń bọ̀ láti Kabba ni, àbí ọ̀tún ẹni tó ń bọ̀ láti etí odò? Torí ìdí igi kan náà lọ̀nà méjèèjì ti pàdé, ọ̀tún ẹni tó wá láti ìlú, òsì ẹni tó wá láti odò ni. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ṣòroó gbọ́ ni, Fada? Alága wa mọ́tò rẹ̀ wá sí oko lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìlú, ó wò ó láti ojú fèrèsé, ó lọ sílé lọ yà á. Ó wá lọ ní ká pàdé létí odò! Mo fẹ́ là á yé wọn, ó ní, “Madam, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣì ń bọ̀ ní nọ́ńbà keje, ẹ dúró títí a ó fi pè yín.”

Mo tún nawọ́. Mo ní Sátidé tẹ́ ẹ mú yẹn, ọjọ́ ọjà àwọn ará etí odò ni, àwọn tó mọ ilẹ̀ ò ní sí nílé. Ó ní, “Ẹ dúró títí a ó fi pè yín.” Mo nawọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó lu aago! Aago tí wọ́n ń lù fún ara Kristi ló lù lé mi lórí! Nígbà tí nọ́ńbà keje dé, kí ni wọ́n pè mí bi? Mùdù ìrẹsì mélòó ló máa tó èèyàn mẹ́tàlélógójì! Òun nìyẹn! Mo ní mẹ́wàá. Wọ́n kọ mẹ́wàá yẹn sílẹ̀ o. Ìyẹn wà nínú ìwé.

Ẹ mu omi, Fada.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí gan-an. Ta ló fún ìjọ ní ilẹ̀ yẹn? Bàbá mi ni. Kò tà á, ó fún wọn ni, ó ní kí ìjọ má baà máa tọrọ iṣu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ tó pààlà. Ó ń gbẹ́ kòtò, èmi ń ki pèrègún bọ̀ ọ́, mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tá a parí, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ní, “Martha, ìwọ lo máa pẹ́ láyé jù mí lọ. Tí wọ́n bá béèrè, kó o fi hàn wọ́n.” Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, Fada. Kò sẹ́ni tó béèrè. Èmi ni mo nawọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n wá kọ ọ́ pé mi ò sọ. Ó dùn mí. Ó dùn mí ju kí wọ́n gbá mi létí lọ, torí tí wọ́n bá kà á lọ́jọ́ Àìkú, bí ìgbà tí mo já bàbá mi kulẹ̀ ló máa rí.

Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí. Oṣù méjì péré lẹ dé ọ̀dọ̀ wa, kí lẹ mọ̀ nípa pèrègún? Ẹ gbé ọkọ́, ẹ wọ bàtà òjò, ẹ tẹ̀ lé Alága, ẹ yà sọ́tùn-ún rẹ̀. Ẹ sì roko o! Gbogbo Kabba ló ń sọ ọ́! Wọ́n ní Fada yìí ò fọwọ́ lẹ́rán. Ọwọ́ yín ti jinná? Ó ṣì ń ta yín? Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi.

Ẹgbẹ̀rin ebè! Nínú oko Alhaji Ìbítóyè tó bá tiwa pààlà! Ẹ ti ń nu ọkọ́ kí Alhaji tó yọ, bùtá lọ́wọ́, ó ń lọ ṣàlùwàlá. Ó dúró. Ó wo oko. Ó wò yín. Ó ṣí fìlà. Ó ní, “Ẹ̀yin Kátólíìkì! Ta ló sọ fún yín? Láti oṣù tó kọjá ni ẹ̀yìn ti ń dùn mí tí mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mi ò sọ fún ọmọ mi gan-an! Ta ló sọ fún yín?” Omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ta ló máa wá lanu sọ pé àṣìṣe ni? Alága ní, “Ìfẹ́ ọmọnìkejì ni, Alhaji.” Ẹ̀yin náà ní, “Ọlọ́run ló rán wa.” Mo gbọ́ yín o! Mi ò sọ pé irọ́ ni. Ó lè jẹ́ Ọlọ́run ni, àmọ́ kò sí nínú páálí.

Ọjọ́ kejì ni Alága ń wá ẹni tó máa ru ẹ̀bi. Ó wá bá mi nílé, ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo ní ó dáa, Alága, ta ló gbé ọmọ ọ̀hún pọ̀n tó sì ń lu aago lé àgbà lórí?

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kù. Àná ni Alhaji fúnra rẹ̀ wá sílé mi. Ó ní àáró lẹ ṣe fún òun, ẹni tí wọ́n bá sì ṣe àáró fún gbọ́dọ̀ san án. Sátidé tó ń bọ̀, ó ń kó gbogbo àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí bọ̀ wá ro oko ìjọ. Ó wá ní, “Ìyá Jọmílójú, mo mọ̀ pé bàbá yín ló pààlà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi hàn wá, ká má baà ṣìnà.” Ó béèrè, Fada! Mùsùlùmí ló béèrè ààlà ilẹ̀ tí bàbá mi fún ṣọ́ọ̀ṣì! Mo sunkún lẹ́yìn tó lọ. Mo sunkún dáadáa.

Nítorí náà, ohun tí mò ń fẹ́ ò pọ̀. Kẹ́ ẹ pa ìlà kẹrin yẹn rẹ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Martha nawọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Tí ìgbìmọ̀ bá sì tún fẹ́ ṣètò ohun tó kan ilẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ pe ẹni tó mọ ilẹ̀ kí wọ́n tó ra gègé. Ẹ ti gbà? Ẹ fi ọwọ́ iyán yẹn búra? Ẹ má búra, ẹ fi gègé fa ìlà náà. Ẹ fà á gígùn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ ṣeun, Fada.

Ó ku nǹkan kan. Ẹ ti fọwọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé aṣọ ọrùn yín elésè àlùkò yẹn, èyí tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ ìjẹ́wọ́, kọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni, nísinsìnyí. Ẹ wò ó, mo ti kúnlẹ̀. Ẹ súre fún mi, Fada, nítorí mo ti ṣẹ̀.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni mo gbé kúlà ìrẹsì dé oko lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mo dé ìdí igi igbá, mo wo òsì, kò sẹ́nì kan. Mo wo ọ̀tún, mo rí yín, gbogbo yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú oko Alhaji. Ẹ ò tíì ro tó ogójì ebè. Mo lanu kí n pariwo. Mo wá rántí pé wọ́n ní kí n dúró títí wọ́n á fi pè mí. Mo tẹ́ ìró sílẹ̀, mo jókòó sábẹ́ igi, mo dúró.

Fada! Ẹ rọra! Omi nìyí! Ẹ ń wúkọ́ ni àbí ẹ ń rẹ́rìn-ín? Kò sẹ́ni tó pè mí títí di aago méjì, kí ni kí n ṣe? Ìgbọ́ràn ni! Mo jẹ ẹran méjì níbẹ̀, ìyẹn náà wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ tí mò ń jẹ́wọ́. Ẹ ò sì lè sọ ọ́ fún Alága o! Ìjẹ́wọ́ ni, inú yín ló máa kú sí! Ìwé ẹ̀ sọ pé mi ò sọ̀rọ̀ nípàdé, irọ́ ni. Oko ni mi ò ti sọ̀rọ̀.

Ètùtù mi ńkọ́? Ẹ ní kí ni? Kí n lọ ro ogún ebè fún ìjọ, èmi nìkan, kí n bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún? Ó dáa, mo gbà, Fada. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó súre fún mi, ẹ má bínú, mo nawọ́ o.

Ọ̀tún ta ni?