Kọ́ńpìnì Wa Tó Wà Nílé Ìyá Wa

Má jókòó! Mo ní o ò gbọdọ̀ jókòó sórí aṣọ ọsibítù yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́ tán ni. Dúró síbẹ̀, kóo gbọ́ ohun tí oríkunkun ẹ fojú mi rí láàárọ̀ yìí. Dáírẹ́kítọ̀! Ìwọ náà ni mò ń bá wí, àbí dáírẹ́kítọ̀ mélòó la ní?

Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Lọ́jọ́ tá a fẹ́ sọ iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ wa di kọ́ńpìnì, mo ní, àbúrò mi, ibi tí ọṣẹ ti ń hó ni ká kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ibí! Ṣọ́ọ̀bù yìí, tómi ti ń ṣàn gba abẹ́ ẹsẹ̀ mi láti ọdún mẹ́sàn-án. O ní rárá. O ní mi ò lajú. O ṣí kọ̀ǹpútà fún mi, o ní ìlú tí Mọ́mì ń gbé dẹ̀rọ̀ ju ibí lọ, wọn kì í gbowó orí lọ́wọ́ kọ́ńpìnì tuntun fún ọdún méjì gbáko. Mo ní àdírẹ́sì ńkọ́? O ní ilé Mọ́mì. Ilé Mọ́mì, tí áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀!

Kí lo wí? Òfin ò kọ̀ ọ́? Òfin ò kọ̀ kí n sùn sórí òrùlé náà, ṣé mo wá ń sùn síbẹ̀ ni? Ọgbọ́n àgbọ́njù!

Ọsibítù pè mí láàárọ̀. Akọ̀wé wọn yẹn, tóhùn ẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ó ní àwọn yẹ orúkọ wa wò lọ́dọ̀ ìjọba, wọ́n kọ ọ́ síwájú ẹ̀ gàdàgbà pé wọn ò bá kọ́ńpìnì kankan ní àdírẹ́sì tá a kọ. Bá ò bá tún un ṣe kó tó di Fúráìdè, àwọn á kó igba aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún Baba Onísitáàṣì. Igba! Fún ọkùnrin tó jẹ́ pé aṣọ tó bá fọ̀ lè dá nàró fúnra ẹ̀! Ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì tá a tìtorí iṣẹ́ yìí rà ńkọ́, ṣé ìwọ lo máa wẹ̀ nínú ẹ̀? Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Mo sunkún sórí aṣọ tí mo ti lọ̀ tán, mo sì tún un lọ̀.

Ni mo bá pe Mọ́mì. Mo ní ṣé ẹnì kankan wá béèrè kọ́ńpìnì lọ́wọ́ yín ni? Wọ́n ní, “Ó wá o! Ọkùnrin kan gbé fáìlì wá ní Mọ́ńdè, ó dárúkọ àbúrò ẹ lódindi, ó lóun ń wá dáírẹ́kítọ̀. Mo ti mọ̀ pé wàhálà ló ń wá ọmọ mi. Mo ní mi ò bírú ẹ̀ rí.” Mi ò bírú ẹ̀ rí! Ìyá tó bí ẹ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o! Wọ́n tún fọmú búra fún un.

Má rẹ́rìn-ín! Bóo bá rẹ́rìn-ín, màá sọ áyọ́ọ̀nù yìí lù ẹ́. Ta ló yẹ kó sọ fún Mọ́mì pé ilé wọn ti di ọ́fíìsì? Àbí èmi ni?

Ẹ̀n? O fi pátákó ránṣẹ́ sí wọn? Háà, o ṣeun, o rán mi létí. Mo bi wọ́n léèrè pátákó orúkọ tó yẹ kó wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní pátákó wo? Wọ́n ní àbí ìdérí dúrọ́ọ̀mù tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ sáwọn? Ìdérí dúrọ́ọ̀mù! Wọ́n ní ó bá ẹnu dúrọ́ọ̀mù omi mu rẹ́gí, wọ́n kàn fi nǹkan kọ wúruwùru sójú ẹ̀ kan ni, làwọn bá dojú ìyẹn délẹ̀.

Òǹgbẹ wá ń gbẹ ọkùnrin onífáìlì, ó tọrọ omi. Mọ́mì ṣí orúkọ kọ́ńpìnì wa kúrò lórí dúrọ́ọ̀mù, wọ́n bumi fún un, wọ́n sì tún fi orúkọ kọ́ńpìnì wa dé e padà. Ó mu ún tán, ó dúpẹ́, ó wá kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò sí kọ́ńpìnì níbẹ̀!

Yéè, ẹ̀rín fẹ́ pa mí o! Ẹ gbà mí! Jókòó, jókòó sórí aṣọ náà, màá tún un lọ̀. Gbé kọ̀ǹpútà ẹ wá, ká yí àdírẹ́sì yẹn padà kílẹ̀ tó ṣú. Ibí ni kóo kọ, níbi tọ́ṣẹ ti ń hó. Bí wọ́n bá sì béèrè ẹni tó lè jẹ́rìí pé òun mọ̀ ẹ́, jọ̀ọ́, má kọ orúkọ Mọ́mì o.