Orúkọ tí Akísí Yá Mi

Ogún ọdún ni adájọ́ dá fún mi, mo sì ti lo mẹ́ta nínú rẹ̀. Ẹni àádọ́ta ọdún ni mí, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò bá mi ṣe ìṣirò ìyókù. Àwa obìnrin mẹ́fà la jọ ń gbé yàrá kan nínú ẹ̀wọ̀n ìlú Bouaké yìí, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Ògiri ẹ̀gbẹ́ ẹní mi ní búlọ́ọ̀kù mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ẹni tí ó mọ ọ́n kò fi símẹ́ńtì ṣahun. Èékánná mi kò rí nǹkan kan hó kúrò lára rẹ̀.

Ẹ má retí pé ẹkún ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí n óò bá sọ òtítọ́, àfi kí n sọ bí inú mi ṣe dùn tó, nítorí ayọ̀ náà ló mú mi dé ibí.

Abọ́ tánganran ni mò ń tà ní ọjà ńlá, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ti ń tà á. Mo ka ìwé dé girama. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n gé iye owó sẹ́fà tí à ń ná sí méjì, abọ́ wọ́n gógó. Àwọn oníbàárà á fọwọ́ pa á, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á lọ. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí ohun kan: ẹni tí kò lè ra abọ́ ṣì gbọ́dọ̀ sùn níbì kan. Mo pinnu láti kọ́ ilé tí n ó máa fi háyà.

Mo rí ilẹ̀ kékeré kan ní àdúgbò Ahougnansou. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ ìbílẹ̀ gidi, ta ni àlejò, gba gbogbo ìlú kan. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ilẹ̀, akọ̀wé wo orúkọ mi, ó ní, "Anago? Lọ ra ilẹ̀ ní ìlú yín." Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, ṣùgbọ́n Bouaké ni wọ́n bí mi sí.

Akísí ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi nígbà tí mo padà sí ọjà. Obìnrin Baoulé ni, ọmọ ìbílẹ̀ gidi; àtíẹ́kẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi láti ọdún mọ́kànlá. Èdè Dìúlà tí gbogbo ọjà ń sọ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀.

"Ṣé orúkọ ni wọ́n ń wá? Èmi ní orúkọ. Gba tèmi."

"Akísí, orúkọ kì í ṣe abọ́ tí à ń yá."

"Ẹ gbọ́ Anago yìí! Àwọn abọ́ rẹ tí mo yá lọ síbi ìsìnkú bàbá mi ńkọ́? Ṣé n kò dá wọn padà ni?"

"O dá wọn padà. Ọ̀kan ti hó létí."

"Ìwọ náà dá orúkọ mi padà nígbà tó o bá lò ó tán, kódà bó bá hó létí."

A rẹ́rìn-ín títí àtíẹ́kẹ́ fi dà nù. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Anago ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà: owó wa, orúkọ ọ̀rẹ́. Orúkọ Akísí ló wà lórí ìwé ilẹ̀ náà.

Ha! Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì kọ́lé rí, ẹ kò mọ ohun tí mò ń wí. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn símẹ́ńtì tútù, ọkàn mi á fò sókè bí ti ọmọ tí ó rí ìyá rẹ̀. Kí ó tó di aago mẹ́fà àárọ̀, mo ti wà níbẹ̀, mo ń bu omi wọ́n búlọ́ọ̀kù. Bí yàrá àkọ́kọ́ ti gba páànù ni ayálégbé dé, ó san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní kósíọ̀n. Owó náà ni mo fi kọ́ yàrá kejì. Yàrá kan ń bí èkejì! Mo ń rìn lójú títì, mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Bàbá Lásísì, ọmọ ìlú wa, ni bíríkìlà mi. Ó ti sọ fún mi pé àpò símẹ́ńtì kan kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n búlọ́ọ̀kù lọ. Lọ́jọ́ kan, símẹ́ńtì tán nígbà tí ó ku búlọ́ọ̀kù márùn-ún. Mo ní kí ó fi yanrìn kún ìyókù. Márùn-ún péré. Ilé kò wó. Nígbà tí ó fi di yàrá kẹrin, búlọ́ọ̀kù márùndínláàádọ́ta ni mò ń yọ nínú àpò kan.

Yàrá kẹta àti ìkẹrin ni mo fẹ́ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé lórí. A da kọnkéré lé wọn, a sì fi ọ̀pá igi gbé e ró kí ó lè gbẹ. Lójoojúmọ́ ni mò ń san owó àwọn ọ̀pá náà. Mo ti gba kósíọ̀n yàrá kẹta lọ́wọ́ Músá aránṣọ àti Sàlí ìyàwó rẹ̀ tí ó lóyún, mo sì ti fi ra irin. Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí a da kọnkéré, Músá dé.

"Màmá, onílé wa ti kó ẹrù wa síta. Ẹ fún wa ní kọ́kọ́rọ́, tàbí kí ẹ fún wa lówó wa."

Owó náà ti di irin. Mo yíjú sí Bàbá Lásísì.

"Ẹ tú ọ̀pá."

"Ìyá, símẹ́ńtì kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló fi ń gbẹ."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ọgbọ̀n búlọ́ọ̀kù. Mo yọ márùndínláàádọ́ta. Ṣé ilé wó?"

Ó mú òòlù, ó tú wọn. Nígbà tí mo fi kọ́kọ́rọ́ lé Sàlí lọ́wọ́, ó di mọ́ mi, ó fi ikùn rẹ̀ kàn mí. "Màmá, bó bá jẹ́ obìnrin, orúkọ yín ni n ó sọ ọ́." Inú mi dùn dé ibi tí n kò fi wo òkè.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, ọjọ́ kẹta tí wọ́n wọlé, mo wà ní ìsọ̀, mo ń fi chọ́ọ̀kì ya àwòrán pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà han Akísí, nígbà tí wọ́n sáré wá pè wá. Kọnkéré ti wó lu Músá àti Sàlí. Kò sí ẹni tí ó yè nínú wọn.

Ọlọ́pàá béèrè pé, "Ta ló ni ilé yìí?"

Akísí wò mí. Ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Mo rò ó pé bí ará ìlú bá gbọ́ pé Anago ló ni ín, wọn yóò jó ìsọ̀ gbogbo àwa Anago. Ohun tí mo fi tu ara mi nínú nìyẹn. Òtítọ́ ni pé ẹ̀rù ara mi ló bà mí. Mo ní, "Ẹ wo ìwé. Èmi kàn ń bá a gba owó ilé ni."

Akísí kígbe pé òun kàn yá mi lórúkọ ni. Níwájú adájọ́ pàápàá, ohun kan náà ló sọ. Adájọ́ rẹ́rìn-ín. "Ta ní ń yáni lórúkọ?" Ó ní kí n gbé ọwọ́ sókè kí n búra. Mo gbé e sókè, mo búra èké. Wọ́n mú Akísí lọ sí ẹ̀wọ̀n. Bàbá Lásísì ti sá padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ̀.

Ní oṣù kẹrin tí Akísí ti wà lẹ́wọ̀n, mo gbé oúnjẹ lọ fún un. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Kò fọwọ́ kan abọ́ náà.

"Ọ̀rẹ́ mi," ó ní, "mo yá ọ lórúkọ. Ìwọ kò tíì dá a padà."

Mo ní n ó dá a padà. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó kú ní ọjọ́ kẹfà.

Lọ́jọ́ keje, mo rìn lọ bá adájọ́ fúnra mi, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ni ilé náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kówó jọ láti kọ́lé, n kò ní kí ẹ má kọ́ ọ. Ẹ kọ́lé! Ayọ̀ rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ yín bá fẹ́ bu yanrìn kún un, ẹ rántí Sàlí. Bí ọ̀rẹ́ bá sì gbé orúkọ rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ rántí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ẹ fún olóhun ní ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá dúró.

Ọjọ́ méjìlá ló kù kí kọnkéré náà gbẹ. N kò lè dúró fún ọjọ́ méjìlá. Ogún ọdún ni mò ń dúró báyìí, nínú ilé tí wọ́n fi símẹ́ńtì tó pé kọ́.