Yìnyín Tí Sìmíátù Gbé Lé Ojú Ẹ̀rọ

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì. Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí dé Mẹ́kà. Òní ni n ó tú u sílẹ̀."

Báyìí ni Sìmíátù ṣe bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀ ilé wọn ní Homewood nílẹ̀ òyìnbó lọ́dún 1988, nígbà tí ìrìn àjò Hájì rẹ̀ kù díẹ̀. Jìbírílù ọkọ rẹ̀ jókòó tì í. Mùsílíù, tó ń ri ẹ̀rọ amúlégbóná, tó sì ń tún un ṣe, jókòó sítòsí ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ tètè lọ. Ó ti pẹ́ tó ti wọ ilé náà gbẹ̀yìn.

Nọ́ọ̀sì ni Sìmíátù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń lọ fún shift, yìnyín yọ̀ ọ́ ṣubú níwájú ilé, ìbàdí rẹ̀ sì dá. Láti ìgbà náà ló ti ń bẹ̀rù ilẹ̀ funfun bí ẹni ń bẹ̀rù ejò. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, Jìbírílù pe Mùsílíù, ó ní kó tẹ́ páìpù omi gbígbóná sábẹ́ kọnkéré ọ̀nà ọkọ̀ wọn, kí yìnyín lè máa yọ́. Òfin ìlú kò fẹ́ kí wọ́n máa jó gáàsì lásán, nítorí náà Mùsílíù ri ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ojú kọnkéré. Bí yìnyín bá ń bọ́, ẹ̀rọ náà á tan iná. Bó bá dá, á pa á.

"Ṣùgbọ́n èmi ò ní sùúrù kí ilẹ̀ tó gbóná," ni Sìmíátù wí. "Kí n tó sùn, n ó mú yìnyín nínú firísà, n ó gbé e lé ẹ̀rọ náà lójú. Á rò pé snow ń bọ́. Ilẹ̀ á gbóná dàárọ̀, èmi á wá máa rìn bí olorì. Èmi ọ̀dàlẹ̀!"

Jìbírílù kọjú sí Mùsílíù.

Òun àti Mùsílíù rántí ìyókù dáadáa. Òṣìṣẹ́ ìlú wá yẹ iṣẹ́ náà wò lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, ó bá ilẹ̀ tó ń rú ooru. Ó ní ẹ̀rọ Mùsílíù kò dáa, ó sì kọ̀ láti fọwọ́ sí i.

"Ojú fèrèsé ni mo wà," ni Sìmíátù wí. "Mo gbọ́ tí Mùsílíù ń búra pé iṣẹ́ òun pé. Mo rí i tó kúnlẹ̀, tó ń fọwọ́ pa kọnkéré. Yìnyín mi ti yọ́ tán. Ẹnu wà lára mi, mi ò là á. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí ọkọ mi bi mí pé kí ló lè fà á, èmi gan-an ni mo ní, 'Ṣé iṣẹ́ yẹn tilẹ̀ yé e?'"

Gbólóhùn yẹn ni Jìbírílù gbé lọ sí mọ́ṣáláṣí. Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ Yorùbá tó tún pe Mùsílíù síṣẹ́.

Sìmíátù kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìbàdí tó ń dùn ún. Mùsílíù sáré dìde.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ibi tí wọ́n ti bà mí jẹ́ ni kí ẹ ti tún mi ṣe."

Lọ́jọ́ kejì, níbi àdúrà àsàlátù ní mọ́ṣáláṣí, Sìmíátù dìde, ó sọ gbogbo rẹ̀. Jìbírílù náà dìde, ó jẹ́wọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí firísà, àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Sìmíátù náà rẹ́rìn-ín, àyà rẹ̀ sì fúyẹ́.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ló wí fún àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀, "bí wọ́n bá ń jẹ aláìṣẹ̀ níyà, tí ẹ sì mọ̀dí ọ̀rọ̀, ẹ tètè sọ ọ́. Bó bá pẹ́ nínú, ṣe ló ń wúwo sí i. Mùsílíù àbúrò mi, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín," ni Mùsílíù dáhùn láàárín àwọn ọkùnrin. "Bí ẹ bá dé Mẹ́kà, ẹ bá mi tọrọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́run."

Kí wọ́n tó wọ bàtà tán, ọkùnrin kan láti àdúgbò Rogers Park ti di apá Mùsílíù mú: "Ọ̀rẹ́ mi, má dúró de Mẹ́kà o. Ẹ̀rọ amúlégbóná ilé mi ti dákú láti ìgbà òtútù. Ìgbà wo lo máa wá?"