Epo Pupa Tí Mo Tà fún Lásísì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná. Èmi kò mọ̀wé. Akọ̀wé kan ní Ìbàdàn, tí kò mọ̀ mí rí, ló ń bá mi kọ ọ́, nítorí bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí fún akọ̀wé Ìwó ìlú wa, ilẹ̀ kò ní ṣú kí gbogbo ọjà tó gbọ́. Mo sì ní kó pa orúkọ gbogbo wa àti ti ìlú dà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tó ti wà nínú mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè gbé e mọ́.

Bẹntiróò ni mò ń tà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọkọ̀ Ìbàdàn ti ń gbérò. Inú dúrọ́ọ̀mù ni mo ti ń bù ú sí garawa. Oríṣi méjì ni mo ní. Ọ̀kan wà fún ọkọ̀ gbogbo ayé. Èkejì lágbára jù ú lọ, àwọn òyìnbó sì ti pa á láró pupa kí a má baà ṣì í mú. Epo pupa ni gbogbo wa ń pè é.

Lásísì dẹ́rẹ́bà ló ń rà á jù. Ó ní ọkọ̀ kékeré kan tó fi ń gbérò, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya òun sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Rájí mẹkáníìkì, tí ilé wọn kọjú sí tiwa, ló bá a tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Ó fá díẹ̀ kúrò lára orí irin ẹ́ńjìnnì náà kí ó lè máa sáré. Àwa obìnrin fi ṣe yẹ̀yẹ́, a ní Rájí ti di onígbàjámọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ń fò. Rájí kìlọ̀ fún Lásísì lójú mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, epo pupa nìkan ni kí ẹ máa fún un o. Bí ẹ bá fún un ní èyí tó kù, yóò máa lu ara rẹ̀ nínú títí yóò fi fọ́."

Mo gbọ́ ìkìlọ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní sọ fún yín pé n kò gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Lásísì dé, epo pupa sì ti tán lọ́wọ́ mi. N kò fẹ́ sọ fún un. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dúrọ́ọ̀mù tirẹ̀ sí òdìkejì títì, n kò sì fẹ́ rí i sójú. Bí Lásísì bá fi lè sọdá sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní padà. Ìlara ni, kì í ṣe ebi. Mo wọ ẹ̀yìn ilé, mo bu bẹntiróò lásán sí garawa, mo sì bu ṣíbí mélòó kan lé e nínú epo pupa tí mo fi ń se ọbẹ̀. Mo pò ó pọ̀. Ó pọ́n, ó tilẹ̀ pọ́n ju ti òyìnbó lọ.

Lásísì wò ó, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá," ó sì rọ ọ́ sínú ọkọ̀.

Ọkọ̀ náà kò dé Ìbàdàn. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní ńṣe ló ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọmọ odó gún odó òfìfo, ó sì fọ́ níbi tó ti ń gun òkè. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Gbogbo ènìyàn ní orí tí Rájí fá ló pa á. Rájí tú u palẹ̀, ó ní ó jọ pé epo tí kò yẹ ló jẹ. Òun àti Lásísì àti èrò rẹpẹtẹ wá bá mi. Rájí dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ṣé ó dá yín lójú pé epo pupa lẹ tà fún wọn?"

"Wàláhì, epo pupa ló wà nínú rẹ̀!"

Mo búra. Mo tún sọ lọ́kàn mi pé n kò purọ́, nítorí epo pupa ni lóòótọ́. Ẹ wo irú ọgbọ́n tí Ṣàìtáánì ń kọ́ ènìyàn!

Rájí tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi níṣojú gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún gbé ọkọ̀ wá fún un. Èyí tó burú jù ni pé òun náà gbà pé òun ló ba ọkọ̀ náà jẹ́. Ìyá rẹ̀ ní ó kàn máa ń jókòó, yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bá àwọn agégẹdú lọ sí igbó Oǹdó. Oṣù tó kọjá ni wọ́n wá túfọ̀ rẹ̀. Igi wó lù ú. Ọ̀hún ni wọ́n sin ín sí.

A ṣe fìdáù rẹ̀ ní Ìwó. Àáfà ní kí ẹnikẹ́ni tí òkú bá ṣẹ̀ foríjì í. Lásísì dìde, ó ní òun ti foríjì í. Lẹ́yìn náà ni ìyá Rájí wá síwájú mi. Ó jù mí lọ, ó sì kúnlẹ̀. Ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, èmi tó ti ń pè ní "ìwọ" láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé ọkọ.

Ó ní, "Ọmọ mi fura sí ọjà yín níjọ́sí. Ó dùn ún títí tó fi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì í."

Gbogbo ojú wà lára mi. Àáfà ń dúró. Mo la ẹnu, mo ní, "Mo foríjì í." Wọ́n ṣe àmín.

Àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ń sùn báyìí, ó ní ọkàn òun balẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò di ọmọ òun sínú mọ́. Bí mo bá sọ fún un, yóò mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ lọ kú sí igbó lórí ohun tí kò ṣe. Bí n kò bá sọ, Rájí ni yóò máa jẹ́ ẹni tó ba ọkọ̀ jẹ́ títí ayé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀sìn, èwo ni kí n ṣe?

Ọ̀la ni n ó padà sí Ìwó. Láràárọ̀ ni ìyá Rájí máa ń sọdá wá kí mi láti ọjọ́ fìdáù, ohun kan náà ló sì máa ń sọ: "Ọlọ́run á san án fún yín." Títí di òní, àmín ni mò ń ṣe.